Ayọ̀ ni Bàbá Fẹ́

“Bí eṣinṣin bá sín ní Ọjà'ba, tí èmi Hezekiah ò bá fẹ́ kó wọ kásẹ́ẹ̀tì mi, kò ní wọ̀ ọ́! Kí la fẹ́ lọ wá ní Èkó? Ṣé ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lu ìlù níbẹ̀ ni? Yàrá mi tó. Máíkì mi tó. Etí mi yìí,” ó fa etí òsì rẹ̀ síwájú bí ẹni ń ta aṣọ, “etí yìí nìkan tó Èkó!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi etí yẹn sọ́kàn.

Inú ìpàdé ìjọ ni Hezekiah ti fọ́nnu báyìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Kúdẹtì, lọ́dún 1985. Ìjọ fẹ́ gbé orin ìkórè jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì, àwọn àgbà sì ti ń múra láti kó àwọn akọrin àti onílù lọ sí Èkó, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń gba orin sílẹ̀. Hezekiah, tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹ̀rẹ̀, tó sì tún jẹ́ olórí akọrin, ló dìde tó ní ó tì o, nínú yàrá òun ní Ọjà'ba lòun ó ti gbà á.

Alàgbà Akínwùmí, alága ìjọ, wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Hezekiah, bí kò bá wá ṣeé ṣe ńkọ́?”

“Alàgbà, bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ gba ipò olórí akọrin lọ́wọ́ mi. Kí ẹ gbé e fún Samuel. Kí n máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Àmín!” ni Samuel wí. Samuel ni igbákejì rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó gbàdúrà.

“Ó dáa,” Akínwùmí dáhùn. “Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la fẹ́ gbọ́ ohun tó o bá gbà.”

Gbogbo ilé hó yè. Hezekiah ti fi ẹnu ara rẹ̀ gun igi, ó ku bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ilé rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, níbi tí ògiri ilé kan ti fẹ̀yìn ti ògiri ilé kejì. Bí o bá húkọ́ níhìn-ín, ará ọ̀hún á ní pẹ̀lẹ́. Hezekiah gbé fóòmù orí ibùsùn rẹ̀ ti ògiri, ó lẹ páálí ẹyin mọ́ àjà, ó fi ẹní dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá ku máíkì. Àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà àlòkù ló ti rà á, ẹnu rẹ̀ ti tẹ́ bí ẹnu ẹni tí ọkọ̀ gbá. Èkejì, inú rẹ́kọ́dà tó ti kú ló ti tú u jáde. Ẹ̀kẹta, etí tẹlifóònù ni, ó ṣà á lórí ààtàn kan ní Àgodi. Ó so àkọ́kọ́ mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó ní kí Samuel máa dì í mú. Ó fi èkejì sínú agolo mílíìkì, ó gbé e kọ́ àjà. Ó tẹ́ ẹ̀kẹta sínú sálúbàtà, ó kì í bọ abẹ́ èyí tó tóbi jù nínú àwọn ìlù àkúbà. Ó so gbogbo wáyà wọn papọ̀ lọ sínú rẹ́kọ́dà, ó sì so rẹ́kọ́dà mọ́ bátìrì mọ́tò.

Ṣùgbọ́n máíkì mẹ́ta aláàbọ̀ ara kò lè gba ìlù àti orin pọ̀. Bí akọrin bá fi lanu, ohùn wọn á gbé ìlù mì káló. Ni Hezekiah bá ní ìlù nìkan ni àwọn ó kọ́kọ́ gbà, orin á tẹ̀lé e níjọ́ mìíràn. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Olúdayọ̀ lorúkọ ẹni tó ń lu àkúbà, àmọ́ tọmọdé tàgbà ìjọ, Bàbá ni wọ́n ń pè é. Bàbá tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí pátákó. Bó bá fọwọ́ kan àkúbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, arọ á mi èjìká.

Àárọ̀ Sátidé ni Bàbá dé. Ó jókòó, ó wo àwọn wáyà, ó wo fóòmù, ó wo sálúbàtà tó ń gbọ́ ìlù.

“Hezekiah, n ò tíì jẹun o.”

“Bàbá, ẹ ó jẹun. Ìyá Felicia ti ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́.”

Òótọ́ ni. Comfort ìyàwó Hezekiah, ìyá Felicia, ń din ata lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tẹ bọ́tìnì pupa, Bàbá lù, wọ́n dá a padà láti gbọ́ ọ. Ṣẹ́ẹ́ẹ́ẹ́ẹ́ẹ́! Epo gbígbóná ló kún inú kásẹ́ẹ̀tì bámúbámú, ìlù ń dún lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó rì sínú ìkòkò. Hezekiah fò jáde, ó gbé korobá, ó da omi sórí iná. Iná kú. Ata kú. Sùúrù Comfort náà kú.

“Bàbá Felicia, ṣé ọbẹ̀ mi lẹ da omi sí yẹn?”

“Títí ìlù á fi wọlé tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná nínú ilé yìí!”

“Ó dáa,” Comfort wí. Ó mú orógùn rẹ̀, ó jókòó. Obìnrin tó bá sọ pé “ó dáa” lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tó bá gbọ́n á ti máa wá bàtà rẹ̀.

Inú yàrá wá gbóná bí inú ààrò nítorí fóòmù. Òógùn ń bọ́ lára Bàbá tó! tó! sórí awọ ìlù, máíkì sì ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní láti ṣí fèrèsé. Fèrèsé náà rèé, ẹ̀yìnkùlé Màmúdù ló kọjú sí.

Alápatà ni Màmúdù. Orí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Òun àti Kúbúrá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ilé kejì. Láàrin ilé méjèèjì, ẹran Iléyá ń kọjá síhìn-ín, ìrẹsì Kérésì ń kọjá sọ́hùn-ún, síbẹ̀ egungun kan há wọn lọ́fun. Nígbà kan, ewúrẹ́ ìyá Hezekiah sọnù. Ìyá Hezekiah dúró sójú títì, ó pe Fàsásì, bàbá Màmúdù, ní olè lójú gbogbo ọjà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bá ewúrẹ́ nínú kànga gbígbẹ, ó ń jẹ koríko, ara rẹ̀ le koko. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Fàsásì kú, ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ìyá Hezekiah náà kú. Ọ̀rọ̀ náà nìkan ni kò kú.

Hezekiah lọ bá Màmúdù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ohun kan wà tá a fẹ́ fi ìlù sọ lọ́sàn-án yìí. Ẹ bá mi pa ilé lẹ́nu mọ́, kó lè yé èèyàn yékéyéké.”

Màmúdù tí kì í dákẹ́ lójú oorun pàápàá! Hezekiah ti ń retí èébú. Màmúdù rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, èyí náà lò ń dọ̀bálẹ̀ sí? Ó ti parí! Ilé yìí á dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Àní a ó jókòó sábẹ́ fèrèsé, a ó fetí sí i dáadáa.”

Alápatà yìí ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi okùn di àwọn àgbò rẹ̀ lẹ́nu. Ó lé àwọn oníbàárà lọ. Ó gbé àpótí fún ìyá rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé Hezekiah, òun náà jókòó tì í, ó káwọ́ lẹ́rán. Ọjà'ba kò tíì dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a.

Nínú yàrá, Bàbá ní, “Hezekiah, ọbẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Bàbá, tá a bá ti ṣe é tán. Ẹ lu ti ìkórè.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́.

Orin ìkórè wọn ni “Ayọ̀ ni Bàbá fẹ́.” Ẹ gbọ́ bí ìlù rẹ̀ ṣe ń rìn: re-dò-re-dò-mí-mí. A-yọ̀-ni-Bà-bá-fẹ́. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ rí nínú ìjọ, kò lè ṣì í gbọ́. Kúbúrá kò sì sí nínú ìjọ.

“Màmúdù, kí ni wọ́n ń sọ?”

“Ìlù ni, Ìyá.”

“Mo mọ̀ pé ìlù ni. Àbí o rò pé mo ní ewúrẹ́ ni? Kí ló ń sọ?”

Bó ṣe fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ewúrẹ́ ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ìlù tí kò bá ní orin lẹ́nu, ohun tó ń dun olúwarẹ̀ lọ́kàn ni í máa wí fún un. Re-dò-re-dò-mí-mí. Kúbúrá dìde lórí àpótí díẹ̀díẹ̀.

“O-lè-ni-bà-bá-yín.”

“Kí lẹ wí, Ìyá?”

“Èmi kọ́. Wọ́n ní olè ni bàbá yín.”

Re-dò-re-dò-mí-mí! Màmúdù gbọ́ ọ. Ó tún gbọ́ ọ. Kò lè gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ ìgéran tó wà ní ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kúbúrá dì í mú.

“Fara balẹ̀. Ìlù lè purọ́. Jẹ́ kí n lọ bi wọ́n léèrè.”

Àgbà obìnrin yìí yí ilé po, ó kan ilẹ̀kùn yàrá Hezekiah: gbà! gbà! gbà! Nínú ilé, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìlù kan tó mọ́ gaara, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó dùn jù ú lọ. Gbà yẹn wọ inú kásẹ́ẹ̀tì bí òkò. Orí Hezekiah gbóná.

“Ta nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán ná!”

“Hezekiah, Ìyá Màmúdù ni o. Ohun tí ìlù yín ń sọ yìí, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ ọ́ ni?”

Hezekiah rò pé orin ti dùn mọ́ ìyá náà nínú. Inú rẹ̀ yọ́.

“A mọ̀ọ́mọ̀ ni, Ìyá! Ó pẹ́ tá a ti ń fi dánra wò! Lọ́la, gbogbo ìjọ á gbọ́ ọ. Tó bá yá, a ó tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ, a ó tà á dé Èkó!”

“Dé Èkó?”

“Dé Kánò! Ṣebí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ bá wa gbè é, Ìyá!”

Kúbúrá ò gbè é. Ó yí padà, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi gba ìdí ara rẹ̀ le dan-in dan-in.

“Màmúdù,” ló wí, “yọ ọ̀bẹ.”

Ilẹ̀kùn Hezekiah kò ṣí, ó fò ni. Ó bá Samuel àti ọ̀pá ìgbálẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, ó gbá wọn mọ́ ògiri, iwájú orí Samuel là bí obì. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo páálí ẹyin. Màmúdù wọlé, ọ̀bẹ ìgéran ń kọ mànà lọ́wọ́ rẹ̀.

Hezekiah na ìka sẹ́nu. “Ṣṣṣ! Ó ń gbà lọ́wọ́!”

Ẹ wò ó, ìlérí kì í ṣe nǹkan kékeré. Màmúdù ti ṣèlérí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó sì dúró ṣinṣin lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀bẹ lókè, kò mí. Ìyá rẹ̀ pàápàá dá ẹsẹ̀ dúró. Bí Bàbá bá ti dáwọ́ dúró nígbà náà, bóyá wọn ì bá bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti di ojú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń lù ú lọ ni.

Re-dò-re-dò-mí-mí.

“Lójú mi?” Màmúdù ké. Ọ̀bẹ balẹ̀. Awọ àkúbà ńlá ya fàà, ọ̀bẹ wọ inú igi ìlù, ó há síbẹ̀. Bàbá ta kìtì sẹ́yìn, fóòmù wó bò ó, a ò rí i mọ́. Màmúdù fa ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ò tú. Ó wá fa wáyà. Ó yí i mọ́ Hezekiah lọ́rùn nígbà mẹ́ta, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fà á bí ẹni ń de àgbò. Ojú Hezekiah yọ, ahọ́n rẹ̀ yọ. Bí Màmúdù ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni agolo mílíìkì ń gòkè lókè àjà, títí tó fi já, tó bọ́ sórí alápatà náà: gàǹ! Eyín iwájú rẹ̀ kan bọ́ sínú sálúbàtà.

Wáyà dẹ̀. Hezekiah fa èémí kan, ó fẹ́ sá. Kúbúrá ti bò ó lẹ́yìn. Eyín ìyá yìí ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́kù fẹ́ràn ara wọn, etí òsì Hezekiah ni wọ́n sì ti pàdé. Etí tó tó Èkó! Ìyá náà gé Ìkejà àti Múṣin kúrò níbẹ̀, ó tu wọ́n sílẹ̀. Igbe tí Hezekiah ké, wọ́n gbọ́ ọ lórí Mápó.

“Ìyá Felicia o! Wọ́n ti pa mí o!”

Comfort wọlé, orógùn lókè. Gbogbo wọn yà fún un. Ó gba àárín wọn kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sọ orógùn kalẹ̀ lé e láàrin orí: gbò!

“Èyí ni ti ata mi!”

Ó yíjú sí Màmúdù. “Èyí ni ti ilẹ̀kùn mi!” Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Màmúdù ṣẹ́, ó dún bí igi gbígbẹ, ọwọ́ náà rọ̀ bí aṣọ tó wà lórí okùn.

Ní gbogbo àkókò yìí, Samuel wà nílẹ̀, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú, ó ń ronú. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, ta ni olórí akọrin? Ó rọra na ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n Màmúdù,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ́kọ́dà ló wà. Òun nìyẹn, lẹ́yìn àga.”

Hezekiah gbọ́ ọ pẹ̀lú ìwọ̀nba etí tó kù. Òun àti Màmúdù fò lọ síbi rẹ́kọ́dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì mọ́tò dojú dé, omi rẹ̀ dà sí Samuel lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ hó ṣẹ́ẹ́ẹ́ẹ́ bí ata Comfort. Samuel bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí Ẹ̀mí gùn, kò sì sí ẹni tó bá a pe àmín. Hezekiah dùbúlẹ̀ lé rẹ́kọ́dà, ó gbá a mọ́ra. Màmúdù ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì, egungun ìhà ń dún.

“Ẹ pa mí! Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀! Ipò mi ló wà níbẹ̀!”

“Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ pa!” Omijé àti ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ lójú alápatà. “Ọ̀rọ̀ yẹn ni! Bàbá mi ò jí ewúrẹ́! Ẹ ò ní gbé e dé Kánò!”

Hezekiah gbé orí sókè. “Ewúrẹ́ wo?”

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Alàgbà Akínwùmí wọlé láti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí eyín, ó rí ègé etí. Ó yọ agogo àdúrà jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó lù ú sí wọn létí títí tí gbogbo wọn fi di etí mú, Hezekiah di ọ̀kan. Ó bi wọ́n léèrè, wọ́n rojọ́.

“Ṣé kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà?” ni Alàgbà béèrè. “Ẹ so ó mọ́ iná, ká gbọ́ ọ.”

Wọ́n so ó mọ́ iná. Re-dò-re-dò-mí-mí. Ó mọ́, ó rinlẹ̀, ó dùn débi pé Màmúdù tó ṣẹ́ lọ́wọ́ mi èjìká.

Akínwùmí rẹ́rìn-ín. “Ayọ̀ ni Bàbá fẹ́. Ó hàn gbangba.”

“Ẹ tún un lù, Alàgbà,” Kúbúrá wí. “O-lè-ni-bà-bá-yín. Ẹ fọkàn sí i.”

Wọ́n tún un lù. Ẹ̀rín kú lójú Akínwùmí. “Yéè. Ó ń sọ ọ́ o.” Hezekiah náà gbọ́ ọ, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójú títì, ojú tì í. Màmúdù ní tirẹ̀ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìyá, ó mà ń sọ ayọ̀ o. Ẹ gbọ́: a-yọ̀-ni...”

Hezekiah kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìhà tó ń ro ó. “Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ò jí ewúrẹ́. Inú kànga ló wà. Ó yẹ kí ilé wa ti wá sọ ọ́ ká tó sin ín.”

Kúbúrá fi ìborùn bojú. Ó wá ya etí ìborùn náà, ó fi di orí Hezekiah níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Samuel ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ tirẹ̀.

“Ṣùgbọ́n,” Akínwùmí wí, “ìjọ ò lè gbé ohun tó ń pe ènìyàn ní olè jáde. Hezekiah, ẹnu ẹni tó lù ú ni ipò rẹ wà. Bó bá ní ayọ̀ ni, ìwọ ni olórí akọrin. Bó bá ní olè ni...” Ó wo ọ̀bẹ tó há sínú ìlù. Màmúdù náà ń wò ó. “Bàbá dà?”

Wọ́n gbé fóòmù kúrò. Bàbá dìde jókòó, ó gbọn èérún páálí ẹyin kúrò lórí. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá wa bẹ̀rù Ọlọ́run. Èwo lẹ lù? Ṣé ‘Ayọ̀ ni Bàbá fẹ́’ ni, àbí ‘Olè ni bàbá yín’?”

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“‘Ọbẹ̀ ni bàbá fẹ́,’” ló wí. “Ṣé ó ti jiná?”